Má Padà Wálé, Òròmọdìyẹ Ti Wà ní Yàrá Rẹ

Ìjẹ̀bú-Òde,
ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí mo kírun.

Àníkẹ́ mi, Mojísọ́lá ọmọ Àlàájì Ẹlẹ́yin,

Ara mi le, ara ìyá rẹ le, àwọn adìyẹ ń yé dáadáa. Mo ti dáhùn ohun tó o máa kọ́kọ́ béèrè. Jẹ́ ká lọ sídìí ọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ ti sọ fún mi. Ó rò pé òun fọgbọ́n sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ gbé ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú mi, ó bu orí ẹja lé e, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀, torí ìyá rẹ kì í fún mi ní orí ẹja lásán. Ó ní o pe òun láti Èkìtì, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà náà sílẹ̀ kó o padà wálé. Ó ní ọmọ kan wúkọ́ ní kíláàsì rẹ, o sì jáde síta, o lọ dúró lábẹ́ igi títí wọ́n fi lu aago. Ó ní o kì í bá àwọn tíṣà yòókù jẹun. Ó ní o sọ pé ara rẹ ò tíì tó ara tí èèyàn fi ń gbé láàárín èrò.

Èsì mi nìyí: má padà wálé.

Má tíì sunkún. Ka ìyókù. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ẹ́ nìyẹn. Lórí fóònù, tó o bá ti fa imú báyìí, gbogbo ọgbọ́n mi ti dà nù nìyẹn, màá ní kó o máa bọ̀, màá tún rán dírẹ́bà sí ẹ. Èmi tí gbogbo àwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù kò lè yí lọ́kàn padà tá a bá ń dúnàádúrà, imú ni ìwọ fi ń yí mi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ò létí. Sunkún sí i bó o ṣe fẹ́, ohun tí mo kọ náà ni wàá bá níbẹ̀.

O mọ̀ pé mi ò kàwé jìnnà. Píráímárì fọ́ọ̀ ni mo ti jáde ní Ìmùṣin, kì í ṣe pé mi ò ní ọpọlọ, owó ilé-ìwé ni ò sí. Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi yìí, ṣé o rí i pé ó dára ju ti àwọn kan tó ti yunifásítì dé lọ? Ibi tó o bá rí i tó wọ́, adìyẹ ló pariwo. Ilé tá à ń gbé, oko tó wà ní Ìmùṣin, mọ́tò tó ń kó ẹyin, kò sí ẹni tó bá mi dá sí i, òróró ara mi ni mo fi dín ara mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ dájú láyé yìí, òun náà ni bí nǹkan kékeré ṣe ń dàgbà tí ayé ò fi pa á. Ọ̀rọ̀ rẹ sì nìyẹn. Nítorí náà fara balẹ̀ kó o gbọ́ mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ adìyẹ, mo ṣe àṣìṣe méjì. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ èkíní, torí mo ti ń fi í yangàn pé ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n. Mo ra òròmọdìyẹ, mo tú wọn látinú páálí, mo sì kó wọn sáàárín àwọn àgbà adìyẹ. Mo ní ṣebí adìyẹ náà ni gbogbo wọn. Kò sí ohun tó ṣe àwọn àgbà yẹn o, ara wọn le koko. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó wà lára wọn ti mọ̀ wọ́n, àwọn náà ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tuntun ò mọ̀ ọ́n rí. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́.

Ìkejì ni mi ò sọ fún ẹ rí. Lẹ́yìn tí ojú mi ti rí màbo, mo ra òmíràn, mo ní àwọn yìí ò ní kú. Mo fi páálí ká wọn mọ́, mo gbé ìkòkò èédú sí àárín kí ara wọn lè gbóná, mo fi ọ̀rá bo òkè. Wọn ò kú lóòótọ́. Inú mi dùn débi pé nígbà tó yẹ kí n yọ èédú kúrò, mi ò yọ ọ́. Nígbà tó yẹ kí n ṣí ọ̀rá, mi ò ṣí i. Mo ní kí ló kàn mí, ṣebí wọ́n wà láàyè. Ìyẹ́ wọn ò jáde dáadáa, ẹsẹ̀ wọn rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn lórí. Ọjọ́ tí mo wá kó wọn síta, atẹ́gùn lásán fẹ́, gbogbo wọn sá lọ kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n ń gbọ̀n. Oòrùn ń ràn o. Atẹ́gùn lásán ni.

Mo fẹ́ kó o fi àwọn adìyẹ yẹn sọ́kàn.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí dókítà pe gbogbo wa jókòó? Ìwọ, èmi, ìyá rẹ, àti Yẹ́misí àbúrò rẹ tó máa fún ẹ ní irúgbìn ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà tó o ti wà ní jòjòló la ti ń sáré lórí ẹ̀jẹ̀ SS yẹn, egungun rẹ á máa ro ẹ́ lóru, ìyá rẹ á máa fi omi gbígbóná ra ẹ́ lẹ́sẹ̀. Dókítà wá ṣàlàyé pé àwọn máa fi oògùn fọ gbogbo mùdùnmúdùn inú egungun rẹ kúrò, àwọn á wá fi ti Yẹ́misí rọ́pò rẹ̀, á hù níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tuntun yẹn kò ní mọ àrùn kankan. Gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára tá a gbà fún ẹ ní kékeré, ara rẹ á gbàgbé rẹ̀. Ó ní bí ọmọ tí wọ́n bí lónìí lo ṣe máa rí.

Ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Yẹ́misí di ọwọ́ rẹ mú. Èmi rẹ́rìn-ín. Dókítà yẹn wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Mo ní, "Dókítà, òròmọdìyẹ lẹ̀ ń sọ yẹn. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Lóòótọ́ ni mo sọ. Ohun tí mo tà kí ìtọ́jú náà lè ṣeé ṣe, mo ti tà á, mi ò sì bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n mo máa jẹ́wọ́ pé nígbà tá a gbé ẹ dé láti ilé ìwòsàn, mo ki àṣejù bọ ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn. Ṣé o rí i, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ ilé adìyẹ mi, ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ inú omi apakòkòrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá gbé baàfù aláwọ̀ búlúù ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wa, mo da omi apakòkòrò sí i, ó funfun bíi mílíìkì. Mo ní kò sẹ́ni tó máa wọ ilé mi láìkọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìyá Ìmùṣin, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló kọ́kọ́ dé. Ó wọ bàtà tuntun. Ó dúró, ó wo baàfù, ó wò mí. Ó ní, "Rábíù, ṣé adìyẹ ni mo jọ lójú rẹ?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ Mojí ni." Ó bọ́ bàtà, ó káṣọ sókè, ó ń gbé mi ṣépè wẹ́wẹ́, ó sì wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni Ààfáà dé láti wá ṣe àdúà fún ẹ. Ó ní òun ti ṣe àlùwàlá láti ilé. Mo ní, "Ààfáà, ti Ọlọ́run nìyẹn. Ti Mojí ló kù." Ìwọ ń wò wá láti ojú fèrèsé yàrá rẹ, mo rí i tí èjìká rẹ ń mì fún ẹ̀rín.

Nígbà tí mo wá fi yangàn fún dókítà, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Àlàájì, kòkòrò tí mò ń bẹ̀rù ò gba ẹsẹ̀ wọlé. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fọ̀. Ẹ̀yin gan-an sì ni mo ń bẹ̀rù jù." Ó bi mí bóyá mo máa ń ti oko bọ̀ tààrà kí n tó wọlé tọ̀ ẹ́. Ó ní eruku adìyẹ, ìgbẹ́ adìyẹ, pàǹtírí tá a tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ rárá. Èmi tí mò ń ní kí Ààfáà ki ẹsẹ̀ bọ omi, èmi fúnra mi ni mo gbé ewu wá sílé lára aṣọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ́ ilé ìwẹ̀ sí oko. Mi ò wálé láìwẹ̀, mi ò gbé aṣọ oko wálé. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn ń bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ adìyẹ sílẹ̀, torí òórùn mi ni wọ́n fi ń mọ̀ pé mo ti dé. Mo ní rárá o, ọmọ kékeré ló wà nílé.

Baàfù náà ńkọ́? Mi ò gbé e kúrò. Mo ní kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ìgbà tí ìdùnnú mi bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ tá a lọ gbabẹ́rẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ṣe tán láti kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gún ìkókó. Ìyá rẹ ò sí nílé, èmi ni mo mú ẹ lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ìwọ pẹ̀lú ìbòmú rẹ, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì kún inú lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni baba tó wà níbẹ̀, mo sì wọ agbádá.

Obìnrin kan tó pọn ọmọ bi mí pé, "Bàbá, ọmọ tiyín dà?"

Mo nawọ́ sí ẹ.

Ó wo àpò ọwọ́ rẹ bíi pé ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tẹ́ ẹ gbé wá gbabẹ́rẹ́ ni mo ń sọ, sà."

Ìwọ lo dá a lóhùn. O ní, "Èmi náà ni, mà. Ẹ̀jẹ̀ mi ò tíì pé ọmọ ọdún kan."

Obìnrin yẹn fi ọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì wá yọjú, ó ń pe orúkọ, ó sì pè, "Ìyá Mojísọ́lá!" torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn. Mo dìde pẹ̀lú agbádá mi, mo ní, "Èmi rèé." Àbí ta ni kó dìde? Gbogbo èèyàn ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. O rẹ́rìn-ín títí o fi di bẹ́ǹṣì mú. Mojí, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó o ti wọ ilé ìwòsàn. Mo ra bisikíìtì fún gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú àwọn tí ò tíì léyín.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ tí à ń bọ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ yí padà di ti Yẹ́misí. Nígbà tó o bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ata, Yẹ́misí ní ẹ̀jẹ̀ òun ló ń jẹun, kó o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun kó o tó bu ọbẹ̀. Nígbà tó o bínú sí i, ó ní kó o rọra, òun náà ló ń bá ara òun jà. Egungun ò ro ẹ́ mọ́. Òtútù ọyẹ́ wá, ó lọ, a ò wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn. Ìyá rẹ ń jí lóru láti wá ra ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó bá ẹ lójú oorun, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò ẹ́. Ó rò pé mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà dókítà dá oògùn tó ń kápá ẹ̀jẹ̀ Yẹ́misí lára rẹ dúró díẹ̀díẹ̀, ó sì parí. Abẹ́rẹ́ èéyi, tó ní a ò gbọ́dọ̀ yára gbà torí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó jẹ́ kó o gbà á gbẹ̀yìn. Kó o tó lọ sí Èkìtì, a jọ jókòó síwájú rẹ̀. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò dáadáa. Ó ní, "Àlàájì, ọmọ yín ti mọ ìjà. Ẹ jẹ́ kó lọ."

O gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, baàfù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo da omi tuntun sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Tí Yẹ́misí bá wọlé, mo ń béèrè bóyá ó ti fọ ọwọ́ kó tó kí ẹ. Tó o bá ní o fẹ́ dé ọjà, mo ń ní kí ìyá rẹ lọ. Tí ẹnì kan bá sín ní ojúlé kejì, èmi ni mo ń ti fèrèsé. O ò bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, Àníkẹ́. Ìwọ tó o bá ìyá ọlọ́mọ yẹn ṣàwàdà, o ò bẹ̀rù. Lọ́dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Dókítà ní kí n yọ èédú, mi ò yọ ọ́, bíi ti àtijọ́. Nígbà tí ìyá rẹ sọ pé ọmọ kan wúkọ́ tó o fi lọ dúró lábẹ́ igi, àwọn adìyẹ ọjọ́sí yẹn ni mo rántí, bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ sí kọ̀rọ̀ nínú oòrùn.

Ìdí tí mo fi ní kó o má padà wálé nìyẹn. Tó o bá wálé báyìí, màá tún fi páálí ká ẹ mọ́. Mo mọ ara mi.

Ó yá, gbọ́ ohun tí wàá ṣe níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, mi ò ní kó o di aláìbìkítà o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ń yọ èédú, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun wíwo adìyẹ rẹ̀. Tí ara rẹ bá gbóná, ọjọ́ yẹn náà ni kó o dé ilé ìwòsàn. Má sọ pé ó dọ̀la. Má lọ ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni se àgbo fún ẹ. Sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ, kó o sì na ìwé tí dókítà kọ fún ẹ sí wọn. Ó ti ṣàlàyé fún wa pé àrùn SS yẹn ti ba ọlọ inú rẹ, tó ń bá ara jagun, jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tuntun tó dé, ìyẹn ni oògùn tó ní kó o máa lò ṣe wà, má fò ó. Ọdọọdún ni kó o máa padà lọ rí i, tó bá ní kó o gba abẹ́rẹ́ míì, gbà á. Fọ ọwọ́ rẹ kó o tó jẹun. Ó parí. Ohun tí ọpọlọ wà fún ni gbogbo èyí, ẹ̀rù ò sí nínú rẹ̀.

Tí ọmọ bá wúkọ́ ní kíláàsì, kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ lo máa jáde? Ṣebí ìwọ ni tíṣà. Ní kó fi ìgúnpá bo ẹnu, ní kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó o ṣí fèrèsé náà gbàyàwù, kó o máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi ò ní ìwé ẹ̀rí kankan, mo sì ń pàṣẹ fún gbogbo èèyàn tó wọ ilé mi. Ìwọ tó o gba dìgírì, o ò lè pàṣẹ fún ọmọ tó ń wúkọ́? Tí wọ́n bá ní èéyi tàbí ilẹ̀ẹ́gbóná wọ ilé-ìwé, pe dókítà lọ́jọ́ náà, yóò sọ ohun tó kù fún ẹ. Ikọ́ lásán, ara rẹ mọ ohun tó máa ṣe sí i.

Sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé yín. Mo mọ̀ pé o ò tíì sọ fún un. O ò fẹ́ kí wọ́n máa wò ẹ́ tìkà-tẹ̀gbin, tàbí kí wọ́n ní ọmọ aláìsàn ni. Mojí, ta ló tún wà ní gbogbo Èkìtì tó lè sọ pé òun ti di ìkókó lẹ́ẹ̀mejì? Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Sọ fún ọ̀gá, kó o sì sọ fún ẹnì kan tó o fọkàn tán láàárín àwọn tíṣà, tó fi jẹ́ pé tí ibà bá dé bá ẹ, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ìyá rẹ jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu, má bá a jà. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ní bàọ́lọ́jì máa ń gbé ọsàn wá fún ẹ. Ó ní o máa ń gbà á, o máa ń dúpẹ́, o kì í sì í jẹ ẹ́. Kí ló ṣe ọsàn? Ọsàn tí wọn ò tíì bó, tó wà nínú èèpo rẹ̀. Fọ̀ ọ́, bó o fúnra rẹ, kó o jẹ ẹ́ lójú ọmọ náà. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, mi ò sì tíì sọ pé mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ọsàn wá tí wọn ò jẹ ẹ́ tó ṣì tún ń gbé e wá, ó ní sùúrù.

Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kọjá ọsàn, fetí sí mi dáadáa. Tó o bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lónìí, AA ni wọ́n máa kọ sórí ìwé fún ẹ, torí AA ni Yẹ́misí. Má jẹ́ kí ìwé yẹn tàn ẹ́ jẹ, má sì fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Dókítà ti sọ ọ́ fún wa: ẹ̀jẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹyin tí ọmọ ń tinú rẹ̀ jáde, bí mo ṣe fi fún ẹ ló ṣe wà, SS ni. Tí ọmọkùnrin yẹn bá jẹ́ AS, ó lè wo ìwé rẹ kó ní kò séwu, ewu sì wà. Sọ fún un kí ọkàn yín tó wọnú ara yín jù. Ó ní bàọ́lọ́jì lòun ń kọ́ àwọn ọmọ, ó yẹ kó tètè yé e. Tí kò bá yé e, kó padà sí ilé-ìwé. Èmi àti ìyá rẹ ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ká tó fẹ́ ara wa, a ò mọ̀ pé AS làwa méjèèjì. Ìwọ mọ̀. Lo ohun tó o mọ̀.

Jẹun pẹ̀lú àwọn èèyàn. Oúnjẹ tó gbóná, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, kí ló wà nínú rẹ̀? Jókòó tì wọ́n, kó o gbọ́ òfófó. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ò mọ òfófó ibi iṣẹ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ibi tí àǹfààní wà?

Ó ku ọ̀rọ̀ yàrá rẹ. Mo ti kó òròmọdìyẹ sí i.

Ìyá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Ó ní kí ló dé tí mi ò kó wọn lọ sí oko. Mo ní yàrá yẹn ló dára jù fún ọmọ tuntun ní gbogbo ilé yìí: táìlì wà nílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, kò sí eruku, èmi ni mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni." Mi ò jiyàn. Wọ́n ń ké báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé, ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà ni wọ́n ti ń mumi. Nígbà tí ilé-ìwé yín bá gbà họ́lídè, wọ́n á ti tóbi, màá ti kó wọn lọ sí Ìmùṣin, a ó sì ti fi omi gbígbóná àti apakòkòrò fọ yàrá náà tónítóní, a ó kùn ún lọ́dà. Wá nígbà náà. Wá bí àlejò, jẹ ìkọ́kọrẹ́, gba orí ẹja mi, kó o sì padà síṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé.

Láàárọ̀ yìí ni mo gbé baàfù kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fi àmì róbótó sílẹ̀ sórí simẹ́ńtì. Ìyá Ìmùṣin wá kí wa lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó káṣọ sókè, ó gbẹ́sẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Rábíù, baàfù dà?"

Mo ní, "Ó ń lọ sí Èkìtì."

Ó dúró lórí àmì yẹn, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí Ọlọ́run bù kún Mojí, ó wọlé wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Dírẹ́bà tó gbé lẹ́tà yìí wá fún ẹ ló gbé baàfù náà wá. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra, aṣọ ni kó o máa fi fọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀, tí mo di sínú ọ̀rá tuntun, gààrí ni. Ti ibí yìí ni, ó gbẹ, ó kúnná, ó kan dáadáa. Láti ìgbà tó o ti gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, ẹ̀bà nìkan la ń tẹ̀ fún ẹ, torí a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó o mu ohunkóhun tí iná ò jó lẹ́yìn tó kúrò lọ́jà. Mo ń rí ẹ nígbà tí Yẹ́misí bá ń mu ún pẹ̀lú ẹ̀pà, bó o ṣe ń wo ẹnu rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú gbogbo ọdún yẹn láìmu gààrí! Nígbà tá a lọ rí dókítà kẹ́yìn, mo bi í níkọ̀kọ̀. Ó ní tí omi bá ti mọ́, kó o máa mu ún. Mi ò sọ fún ẹ. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí i. O ò rí nǹkan?

Gbé e lọ sí yàrá àwọn tíṣà lọ́la. Bu ti wọn fún wọn, títí kan ọlọ́sàn. Bu tìrẹ sínú kọ́ọ̀pù. Jẹ́ kí omi inú rẹ̀ jẹ́ omi tó o sè tó ti tutù, kó tutù dáadáa, kó o fi ṣúgà sí i, kó o mu ún lójú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn náà, pè mí. Lọ́jọ́ yẹn, tó o bá fa imú lórí fóònù, ọkàn mi ò ní yí padà. Màá gbà pé gààrí ló kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rábíù, Àlàájì Ẹlẹ́yin.